Ohun Tí Ìrẹ̀ Jẹ

Ìwé pélébé kan ni Fèyíṣará lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì
lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì iléèwé gbé e lọ sí Kẹ́fí.
Kò kọ ọ́ pé, "Bàbá mi, ẹ tọ́jú ara yín."
Ó kọ ọ́ pé: "Ìrẹ̀ márùn-ún, ní ọjọ́ méjì méjì.
Èyí tó bá fẹ̀ ju àlàfo ojú rẹ̀ méjèèjì lọ, ẹ má fún un.
Omi orí ewé ló ń mu. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ abọ́."

Ní Sẹkitéríàtì, mo ní ọ̀gá.
Nílé mi ní Kúbúwà, mo tún ní ọ̀gà.
Àmì orí lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n.
Ọ̀gá ń wo iwájú, kò rí mi;
ọ̀gà ń fi ojú kan wo fèrèsé,
ó ń fi èkejì wo ọwọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ní kí n dá ọgbọ́n àgbà.
Mo ra fárà lọ́wọ́ ọmọ Máídúgùrì tó ń kiri,
tata díndín, oníyọ̀, aláta, tó ń ta sánsán.
Mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe àlejò.
Ọ̀gà wò ó. Ọ̀gà wo ògiri.
Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú díẹ̀.
Ohun tí kò bá rìn, lójú ọ̀gà, kì í ṣe oúnjẹ.
Èmi ni mo jẹ fárà náà tán lóru.

Gímbà tó ń ṣọ́ géètì kò jẹ́ wọ yàrá náà láé.
Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo bá ike kan lẹ́nu ọ̀nà,
tata mẹ́jọ nínú rẹ̀, wọ́n ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún,
láti inú koríko ẹ̀yìn odi,
kì í ṣe láti oko ibi tí wọ́n ti ń fín oògùn.
Láràárọ̀ ló ń béèrè láti òkèèrè: "Ta ci?"
Ṣé ó jẹun? Mo ní ó jẹ.

Ẹ̀yìn ìwé ni mo ti wá rí èyí tó kù:
"Ìrẹ̀ tí ebi ń pa, èèpo lásán ni.
Ẹ bọ́ ìrẹ̀ kí ẹ tó fi bọ́ ọ̀gà.
Ẹ gún èèpo ẹyin kúnná, ẹ bù ú lù wọ́n bí àtíkè,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, egungun rẹ̀ á rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń rẹ́ tẹ̀tẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́,
pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì Jọ́ọ̀sì àti ewé sógálè,
fún ogún ìrẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì.
Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ké.
Mo jókòó tì wọ́n, èmi àti búrẹ́dì àná.
Oṣù keje rèé tí iṣẹ́ ti gbé ìyá Fèyíṣará lọ sí Yólà,
oṣù keje tí ìkòkò ọbẹ̀ ti dojú délẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Ètè mi là.
Mo fín omi sára ewé, ọ̀gà ń lá a ní ẹ̀kán ẹ̀kán,
bí ẹni tó ń ka owó oṣù.
Ìgbà náà ni mo rántí
pé n kò tíì mu omi láti àárọ̀.

Wọ́n ní ọ̀gà ti bímọ tán, àìmọ̀jó kù sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.
Wọn ò sọ ti baba
tí ọmọ ń fi ìwé pélébé kọ́ ní oúnjẹ jíjẹ.

Lálẹ́ àná mo pín tẹ̀tẹ̀ sí méjì.
Apá kan bọ́ sí báàkẹ́ẹ̀tì.
Mo bu epo sí ìyókù, mo fọ́ ẹyin méjì lé e,
mo sá èèpo wọn sójú fèrèsé.
Láàárọ̀ yìí ahọ́n ọ̀gà yọ, fìì! Ìrẹ̀ kan ti lọ.
Gímbà ké láti géètì: "Ta ci?"
Ó jẹ.
Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo àwo ọwọ́ mi.
"Kai fa, Baba?" Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Epo ṣì wà létè mi.